Ìkòkò Eléwé Mẹ́ta: Kíkun Ìkòkò Òdòdó fún Ọjọ́ Patrick Mímọ́

Ìkòkò àkọ́kọ́ tí mo kùn fún ọjọ́ Patrick kò rí ìparí oṣù tó fi bàjẹ́. Ìlú Dublin ni mo ti rà á, ìkòkò amọ̀ pupa kan báyìí tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún yí ká, mo ya ewé sí i lára, mo bu erùpẹ̀ sí i, mo gbé e sójú fèrèsé, mo sì ń bomi rin ín láràárọ̀ bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀dà náà ti lé ròrò bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Mo fi èékánná tọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, ó bẹ́, omi sì ṣàn sí mi níka.

Ojú tì mí, nítorí ilé tí àmù wà ni mo ti dàgbà. Ẹ̀yìn ilé ìyá màmá mi ni àmù náà máa ń wà, tí wọ́n rì í dé ìdajì sínú yanrìn tútù. Látàárọ̀ dalẹ́ ni ara rẹ̀ ń làágùn, òógùn yẹn gan-an ló sì ń mú omi inú rẹ̀ tutù: omi ń gba ara amọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, ó sì ń gbé ooru lọ. Ìkòkò òdòdó tí a kò fi nǹkan dídán bò lára, àmù ni òun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé erùpẹ̀ la bù sínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀dà dí ìta tí ẹ kò dí inú, omi tó ń wá ọ̀nà àtijáde yóò ti ọ̀dà náà kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Inú ìkòkò niṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sáré lọ síbi àwòrán, irú ohun tó ṣe mí ni yóò ṣe é.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ni ayẹyẹ náà máa ń bọ́ sí. Lá Fhéile Pádraig ni àwọn ará Áyáláńdì ń pè é lédè wọn. Patrick fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Áyáláńdì o. Ilẹ̀ Bìrìtéènì ni wọ́n ti bí i. Àwọn ajínigbé ló wá kó o lọ sí Áyáláńdì nígbà tó tó bí ọmọ ọdún 16, ó di ẹrú, ó sì da ẹran fún ọdún 6 kó tó rí ọ̀nà sá lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lédè Látìnì, nínú ìwé tí a mọ̀ sí Confessio. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Àjàyí Crowther rí, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 tó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, á ti mọ irú ìrìn àjò tí mò ń wí. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé àárín àwọn ènìyàn tirẹ̀ ni Crowther padà sí. Patrick ní tirẹ̀ padà lọ bá àwọn tó fi í ṣẹrú. Láti 1961 ni Ìjọ Àgùdà sì ti mú un ṣe ẹni mímọ́ alábòójútó Nàìjíríà, nítorí àwọn fadá Áyáláńdì tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Nítorí èyí, bí ọmọ Yorùbá bá kun ìkòkò fún ọjọ́ Patrick, kì í ṣe mo-gbọ́-mo-yà níbi ayẹyẹ náà.

Ewé mẹ́ta, kì í ṣe mẹ́rin

Shamrock ni ewé tí gbogbo ènìyàn ń yà lọ́jọ́ náà. Inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Áyáláńdì, seamróg, ni orúkọ yìí ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni clover kékeré, ewéko kan tó ń rá mọ́ ilẹ̀ láàárín koríko. Wọ́n ní Patrick já ọ̀kan nínú rẹ̀, ó sì fi ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan fún àwọn tó ń wàásù fún: ewé mẹ́ta lórí ọ̀pá kan. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ẹ kò ní bá a nínú ohun tí Patrick kọ. Nǹkan bí 1726 ló tó fojú hàn nínú ìwé títẹ̀, nínú ìwé tí Caleb Threlkeld kọ nípa àwọn ewéko Áyáláńdì, ìyẹn ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ lẹ́yìn tí Patrick ti sùn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé èyí tí mo ba ìkòkò jẹ́, mo kun òmíràn fún ìyá àgbà kan, ọmọ Áyáláńdì, tó ń gbé lójúlé kejì sí wa. Ewé ńlá kan ṣoṣo ni mo yà síwájú rẹ̀, mo sì yà á ní onímẹ́rin nítorí pé mẹ́rin ló rọ̀ mí lọ́rùn: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì. Màmá gbé ìkòkò náà sún mọ́jú. Ó ń fi ìka kà á, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ó wá dúró. Ó fi àtàǹpàkò bo ewé kẹrin mọ́lẹ̀ pátápátá, ó sì dá ìkòkò padà sí mi kí n wò ó.

“Bó ṣe yẹ kó rí nìyí,” ló wí. “Èyí tí o yà yẹn, ti oríire ni. Kò kan Patrick.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba ẹ̀bùn rẹ̀, ó sì fi ewé onímẹ́rin náà kọjú sí ògiri. Títí di òní, bí mo bá ti gbé búrọ́ọ̀ṣì láti ya ewé, àtàǹpàkò Màmá ni mo máa ń rí. Clover onímẹ́rin wà lóòótọ́, ó sì ṣọ̀wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ẹni tó bá rí i he ti he oríire. Ṣùgbọ́n ewé Patrick, mẹ́ta ni.

Yíyà á kò le. Ẹ ya àwòrán ọkàn mẹ́ta, irú èyí tí àwọn ọmọdé máa ń yà sínú lẹ́tà ìfẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ṣóńṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lójú kan. Ẹ fi ọ̀pá tín-ín-rín kan sísàlẹ̀, kó tẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pá tó bá gún bí igi ọ̀pẹ kì í jọ ewé gidi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ibi tó jìn sínú lórí ọkàn náà jìn jù, nítorí ewé clover fẹ́rẹ̀ẹ́ rí róbótó.

Ìkòkò àti ìmúrasílẹ̀ rẹ̀

Ìkòkò amọ̀ tí kò ní dídán, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13 sí 15 lẹ́nu, ló dára fún olùbẹ̀rẹ̀. Kékeré ju ìyẹn lọ, ọwọ́ kò ní wọ inú rẹ̀. Kó ní ihò nídìí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi egungun ìka kàn án bí àwọn oníbàárà ṣe ń kan ìkòkò wò lọ́jà Ìpetumodu: èyí tí ara rẹ̀ le yóò dún gooro bí agogo, èyí tó ti sán níbì kan yóò dún kọ̀tọ̀. Ìkòkò oníke wà, owó rẹ̀ kéré, kì í sì í fọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í fẹ́ dì í mú, èmi kì í sì í lò ó.

Ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní acrylic ni kí ẹ rà. Omi la fi ń pò ó, omi la fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, àmọ́ tó bá ti gbẹ tán, omi kò rí i gbé ṣe mọ́. Ẹ ra funfun, àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀, àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀, àwọ̀ ọsàn díẹ̀, dúdú, àti góòlù kékeré kan. Ẹ tún ra fáníìṣì olómi tó jẹ́ ti acrylic, kó pọ̀ díẹ̀ nítorí inú àti ìta la máa fi kùn. Búrọ́ọ̀ṣì méjì tó: ọ̀kan tó fẹ̀ tó ìka méjì, ọ̀kan tó tín-ín-rín bí ẹnu pẹ́ńsù. Ẹ gé fóòmù kan tó ti gbó sí wẹ́wẹ́. Ẹ wá téèpù oníwèé táwọn akunlé máa ń lò, sáńpépà tó kúnná, àti ìwé ìròyìn àtijọ́ láti tẹ́ sílẹ̀.

Bí ìkòkò náà bá ti lò rí, ó ṣeé ṣe kí nǹkan funfun kan ti lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ẹfun. Iyọ̀ ni, iyọ̀ inú omi àti inú ilẹ̀ ló bá omi gba ara amọ̀ jáde, omi gbẹ, ó ṣẹ́ku. Ẹ po fínígà ife kan mọ́ omi ife kan, kí ẹ ri ìkòkò sínú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi omi lásán ṣan án dáadáa. Tuntun kò nílò fínígà, omi àti kànrìnkàn tó o.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ibi tí sùúrù ti ń tán lọ́wọ́ ènìyàn nìyí. Ìkòkò tó gbẹ lójú lè má tíì gbẹ nínú. Ọjọ́ méjì ni mo máa ń fún un nínú ilé, pàápàá ní Dublin tí òjò oṣù Kẹta kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ bọ̀rọ̀. Ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Bó bá tutù nini, omi ṣì ń jáde lára rẹ̀. Bó bá rí bí ara ògiri lásán, ó ti gbẹ.

Àwọn agbẹ́gilére wa a máa fi ewé ìpín dán ère, àwọn oníṣẹ́ igbá náà a sì máa lò ó. Sáńpépà 220 ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún mi níhìn-ín. Ẹ fà á lé ìkòkò lára fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kí àwọn wóró kékeré lè wálẹ̀, kí ẹ wá fi aṣọ nu eruku rẹ̀ kúrò.

Ó wá ku inú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ kun fáníìṣì sí gbogbo inú ìkòkò, láti ìdí dé ètè rẹ̀, kí ẹ sì kun orí ètè náà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí kan, kí ẹ tún un kùn, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ibi tí fáníìṣì kò bá kàn, omi á rí i; ó mọ̀ ọ́n wá. Ihò ìdí nìkan ni kí ẹ má dí. Mo ti rí ẹni tó fi gọ́ọ̀mù dí i kí omi má bàa da sórí tábìlì, gbòǹgbò òdòdó rẹ̀ sì jẹrà tán kí ayẹyẹ tó kọjá. Àwo pẹlẹbẹ lẹ́ ó gbé sábẹ́ rẹ̀.

Àwọ̀ ìsàlẹ̀

Amọ̀ pupa ń pa àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá kun àwọ̀ ewé lé e ní tààrà, á dà bí ewé ẹ̀fọ́ tó sùn mọ́ iná. Funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn, ẹ̀ẹ̀mejì, kó fẹ́lẹ́, kó gbẹ láàárín fún bí ìṣẹ́jú 30. Ẹ fi ọwọ́ òsì bọ inú ìkòkò bí ẹni fi fìlà bo ìkúùkù, kí ẹ máa yí ọwọ́ òsì, kí ọwọ́ ọ̀tún dúró sójú kan. Fóòmù dára ju búrọ́ọ̀ṣì lọ níbí: ẹ fi tọ́ ọ̀dà, ẹ fi gbá ara ìkòkò pẹ́pẹ́pẹ́, kò ní fi ilà sílẹ̀. Tí ọ̀dà bá nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sán nígbà tó bá ń gbẹ, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì fífẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan kíki.

Ẹni tó bá fẹ́ràn pupa amọ̀ lè má kun gbogbo rẹ̀. Ní tèmi, ìkòkò tó dára jù lọ tí mo tíì ṣe, ètè rẹ̀ nìkan ni mo kùn ní funfun, mo fi ewé mẹ́fà yí i ká, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ bí amọ̀kòkò ṣe ṣe é.

Tàtàṣé, àtàǹpàkò àti téèpù

Ẹni tí kò lè ya nǹkan, kó lọ sídìí àtẹ ata. Ẹ mú tàtàṣé ńlá tó rí róbótó, kí ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè. Òmíràn ní kókó mẹ́rin, òmíràn ní mẹ́ta. Ẹlẹ́mẹ́ta ni kí ẹ rà. Ẹ gé e ní ìbú láàárín, kí ẹ yọ kóró rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ nu ojú ibi tí ẹ gé gbẹ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun àwọ̀ ewé sí etí rẹ̀, kó tín-ín-rín, kí ẹ wá fi tẹ ìkòkò. Ewé mẹ́ta á yọ gedegbe, bí ẹni pé ẹnì kan fi pẹ́ńsù fa ìlà rẹ̀. Ẹ lè fi àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ kun inú rẹ̀ tó bá yá. Ara ìkòkò kò tẹ́ bí tábìlì, nítorí náà ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé etí ọ̀tún lé e, kí ẹ yí i wá sí òsì bí ẹni ń tẹ òǹtẹ̀ sára garawa. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò lórí ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ẹ tó fi kan ìkòkò. Ìdajì tàtàṣé tí ọ̀dà kò kàn, inú ọbẹ̀ ló ń lọ.

Bí ọmọdé bá wà nílé, àtàǹpàkò tirẹ̀ ni òǹtẹ̀. Kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kanra, kí àgbàlagbà fi búrọ́ọ̀ṣì fa ọ̀pá sí i. Ẹ kọ ọdún sí ìdí ìkòkò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìka kékeré yẹn ni ẹ ó máa wò, kì í ṣe òdòdó.

Ọ̀nà kẹta ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ó mú mi rántí àwọn aládìírẹ. Ẹni tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ a máa fi ìyẹ́ adìẹ ya àwòrán sórí aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún kó tó ki aṣọ bọ aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í mú un, ibẹ̀ ló ń di àwòrán. Téèpù oníwèé ni ẹ̀kọ tiwa. Lẹ́yìn tí funfun bá ti gbẹ, ẹ gé ewé mẹ́ta láti ara téèpù, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìkòkò, kí ẹ fi èékánná tẹ etí rẹ̀ yí ká. Ọgbọ́n kan wà níbi tí ẹ dé yìí: ẹ tún fi funfun kun etí téèpù náà kí ẹ tó kun àwọ̀ ewé. Bí ọ̀dà bá máa yọ́ wọ abẹ́ téèpù, funfun náà ni yóò kọ́kọ́ wọlé, á sì dí ọ̀nà mọ́ àwọ̀ ewé. Ẹ wá kun àwọ̀ ewé lé gbogbo rẹ̀ lórí. Kó tó gbẹ tán, nígbà tó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀, ẹ fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ gbé etí téèpù sókè, kí ẹ fà á kúrò díẹ̀díẹ̀. Ewé funfun á jáde lára àwọ̀ ewé, etí rẹ̀ á mú bí ọ̀bẹ. Bí ẹ bá jẹ́ kó gbẹ tán, téèpù á fa ọ̀dà kúrò pẹ̀lú ara rẹ̀.

Àsíá àti ọ̀rọ̀ kíkọ

Àsíá Áyáláńdì ní ìlà mẹ́ta tó dúró lóòró: àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ọsàn. Ní 1848 ni Thomas Francis Meagher kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ síta nílùú Waterford. Àwọ̀ ewé dúró fún ẹgbẹ́ àtijọ́ tí púpọ̀ wọn jẹ́ Àgùdà, àwọ̀ ọsàn fún àwọn Pùròtẹ́sítáńtì tó fara mọ́ ọba William ti Orange, funfun àárín sì ni àlàáfíà tí wọ́n ń wá láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Ọwọ́ òsì yín ni àwọ̀ ewé gbọ́dọ̀ wà bí ẹ bá kọjú sí ìkòkò. Ẹ yí i padà, ẹ ti ya àsíá Ivory Coast nìyẹn. Ẹ kun àsíá náà síwájú nìkan, kí ẹ fi ẹ̀yìn ìkòkò sílẹ̀; bó bá yí ìkòkò po, àwọ̀ ọsàn á lọ kan àwọ̀ ewé, kò sì ní jọ àsíá mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ìkíni sí i, Lá Fhéile Pádraig sona duit ni àwọn ará Áyáláńdì ń kọ, ìyẹn ni pé kí ọjọ́ Patrick dùn fún ọ. Ẹ wo àwọn àmì orí lẹ́tà yẹn dáadáa. Fada ni wọ́n ń pè é, ó ń fa ohùn gùn, kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́. Lédè wọn, fear ni ọkùnrin, féar ni koríko. Àwa tí a mọ̀ pé ọkọ kì í ṣe ọkọ̀, tí ọkọ̀ kì í sì í ṣe ọkọ́, kò yẹ kí a jẹ́ ẹni tí yóò gbàgbé àmì orí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá sì fẹ́ gé orúkọ Patrick kúrú, Paddy ni, nítorí Pádraig ló ti wá. Ẹni tó bá fi lẹ́tà t méjì kọ ọ́ sára ìkòkò, kó má gbé e fún ará Dublin.

Ti arákùnrin kúkúrú onírùngbọ̀n tó ń ṣe bàtà tó sì ń tọ́jú ìkòkò góòlù, èyí tí wọ́n ń pè ní leprechaun, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ kun ìkòkò dúdú látòkè délẹ̀, kí ẹ fi ìdí pẹ́ńsù tẹ àmì góòlù róbótó róbótó sí ètè rẹ̀, ó parí. Fìlà àti irùngbọ̀n tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìkòkò kò wù mí; nínú àwọn ìtàn àtijọ́ kan, ẹ̀wù pupa ló tilẹ̀ ń wọ̀.

Kókó aláìlópin

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń tọ̀ lè dán kókó àwọn ará Áyáláńdì wò, ìlà kan tó ń gba orí ara rẹ̀, tó ń gba abẹ́ ara rẹ̀ bí ẹní tí a hun, tí ẹ kò sì ní rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó kún inú Book of Kells, ìwé Ìhìnrere tí wọ́n fọwọ́ kọ ní nǹkan bí ọdún 800 tó wà ní Trinity College ní Dublin. Èyí tó rọrùn jù ni onígun mẹ́ta. Ẹ wá ife kékeré. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ fa òbìrí mẹ́ta sórí ìwé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba àárín gbùngbùn méjì yòókù kọjá. Ẹ pa gbogbo ìlà tó wà ní ìta rẹ́, kí ó ku kìkì ibi tí òbìrí méjì-méjì ti gorí ara wọn. Ewé gígùn mẹ́ta tó so kọ́ra ló máa ṣẹ́kù. Ẹ fi pẹ́ńsù kun ẹ̀yìn ìwé náà dúdú, kí ẹ gbé e lé ìkòkò, kí ẹ tún ìlà náà fà. Àpá rẹ̀ á wà lára ìkòkò. Ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tẹ̀ lé e.

Mo máa ń fi ọnà Yorùbá yí ètè irú ìkòkò yìí ká, onígun wẹ́wẹ́ bíi ti ara igbá fínfín. Ẹnì kan bi mí pé ṣé kò dàrú. Mo rántí Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ní 1947, àwọn fadá SMA ti Áyáláńdì, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Ìjọ Àgùdà kan, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀, Fadá Kevin Carroll sì wà nídìí rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Bándélé, ọmọ Aréògún gbẹ́nàgbẹ́nà, gbẹ́gi fún wọn, Làmídì Fákẹ́yẹ ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ère bíi ti Róòmù. Àwọn amòye mẹ́ta tó wá kí Jésù ọmọ jòjòló, aṣọ Yorùbá ni wọ́n wọ̀. Bí fadá Áyáláńdì bá lè gba ìyẹn sínú ṣọ́ọ̀ṣì, ètè ìkòkò mi náà á gba ọnà igbá.

Fáníìṣì ìta wá kù. Ẹ̀ẹ̀mejì, kó fẹ́lẹ́, lẹ́yìn tí àwòrán bá ti sùn mọ́jú. Funfun bí wàrà ló máa ń rí nígbà tó bá tutù. Ẹ má ṣe bẹ̀rù, á mọ́ gaara tó bá gbẹ.

Ohun tí a ó gbìn

Kí ni shamrock gan-an? Àwọn ará Áyáláńdì fúnra wọn kò tíì fẹnu kò. Ní 1893, Nathaniel Colgan ní kí àwọn ènìyàn káàkiri ilẹ̀ náà fi ohun tí wọ́n ń pè ní shamrock ránṣẹ́ sí òun, ó sì gbìn wọ́n títí wọ́n fi tanná. Wọ́n tún un ṣe ní 1988. Nígbà méjèèjì, clover kékeré olódòdó yẹ́lò, Trifolium dubium, ló ṣíwájú, clover olódòdó funfun sì tẹ̀ lé e. Èyíkéyìí nínú méjèèjì dára.

Kí oṣù Kejì tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti múra. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí ìdí ìkòkò, kó má dí ihò pa, kí ẹ fi ilẹ̀dú inú àpò kún un, kó ku ìka kan kó dé ètè. Ẹ fọ́n hóró clover sí i bí ẹni wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ má ṣe bò ó nípọn. Ẹ wọ́n omi sí i. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, á hù. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á rù, á ga, á sì ṣubú. Bó bá fi máa di ọjọ́ 17 oṣù Kẹta, ẹ ó lè gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àyà aṣọ lọ sí Máàsì. Láti 1952, tí aṣojú Áyáláńdì ní Washington, John Hearne, fi àpótí shamrock ránṣẹ́ sí Ààrẹ Truman, ló ti di àṣà pé kí wọ́n máa gbé shamrock fún Ààrẹ Amẹ́ríkà. Inú ọpọ́n dígí ló máa ń wà báyìí. Ìkòkò amọ̀ tiyín kò ní dójú tì yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ má fi í sílẹ̀ níta lóru tí yìnyín bá ń bọ̀. Omi inú amọ̀ á dì, á wú, á sì la ìkòkò láti ìdí dé ètè, pẹ̀lú fáníìṣì tàbí láìsí i.

Ohun tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n kọ shamrock sí lára, kì í ṣe clover rárá. Oxalis ni, ewéko mìíràn tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ewé rẹ̀ tóbi, òmíràn sì jẹ́ elésè àlùkò. Ó rẹwà nínú ìkòkò, n kò bá a jà. Ẹ sáà má jẹ́ kí ológbò jẹ ẹ́, kò dára fún un. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á pa ewé rẹ̀ dé bí agbòòrùn. Ẹ má bomi sí i nítorí ìyẹn, oorun ló ń sùn. Nígbà míràn nínú ọdún, gbogbo ewé rẹ̀ á rọ, á sì gbẹ dànù, ènìyàn á rò pé ó ti kú. Isu rẹ̀ ṣì wà láàyè nínú ilẹ̀. Ẹ dáwọ́ omi dúró, kí ẹ gbé e síbi tó tutù tó sì ṣú díẹ̀, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èhù á yọrí. Mẹ́ta irú rẹ̀ ni mo bá nínú páànù ìdọ̀tí àdúgbò wa lọ́dún tó kọjá, ìkòkò amọ̀ kéékèèké mẹ́ta pẹ̀lú erùpẹ̀ gbígbẹ nínú wọn, kò sí ewé kankan. Mo kó wọn wálé. Mo bomi sí wọn, mo sì gbé wọn kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: wọ́n tutù nini. Kò sẹ́ni tó kun inú wọn.